Ayọ̀ Ló Ń Mú Ọmọdé Sáré: Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Fa Ọmọ Síbi Eré Ìdárayá àti Ohun Tó Ń Lé E Kúrò Níbẹ̀

Ìfáàrà

Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí bó ṣe yẹ kí tọmọdé tàgbà máa lo ara. Fún ọmọ ọdún 5 sí 17, wọ́n ní kí eré tó ń mú èémí yára máa tó 60 ìṣẹ́jú lójúmọ́, tí a bá ṣírò rẹ̀ káàkiri ọ̀sẹ̀. Wọ́n tún ní kí ọmọ máa ṣe eyí tó gba agbára gidi, tó ń mú iṣan àti eegun le, ó kéré tán lọ́jọ́ 3 láàárín ọ̀sẹ̀. Àwọn tí kò tíì pé ọdún 5 ti ní tiwọn láti 2019: ìrìn àti eré ọmọ ọdún 3 àti 4 kò gbọdọ̀ dín ní 180 ìṣẹ́jú lóòjọ́, jíjókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 1.

Ìlànà wà, àwọn ọmọ ni kò dé ibẹ̀. Regina Guthold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó èsì ìwádìí jọ lórí akẹ́kọ̀ọ́ mílíọ̀nù 1.6 ní orílẹ̀-èdè 146. Wọ́n rí i pé ní 2016, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ ọdún 11 sí 17, 81 ni kò lo ara tó. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọkùnrin, ó jẹ́ 78; nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin, ó jẹ́ 85. A óò padà sórí ìyàtọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin yìí.

Bí ọ̀rọ̀ yìí bá délẹ̀, iye ìṣẹ́jú ni àwọn àgbà sábà máa ń tẹnu mọ́. Ọmọdé kì í ka ìṣẹ́jú. Kò sí ọmọ tó jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù nítorí àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó jáde nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ ni pé àgbà tó bá fẹ́ kí ọmọ máa lo ara títí dọjọ́ ogbó, adùn eré ni kó kọ́kọ́ dáàbò bò, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí à ń ṣe nílé àti nílé-ìwé ló ń pa adùn náà.

Ohun tó wà nínú eré

Láti 1985 tí Edward Deci àti Richard Ryan ti kọ ìwé wọn lórí ohun tó ń ti ènìyàn ṣe nǹkan, tíọ́rì wọn ti di èyí tí àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ń lò káàkiri ayé. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ni ọkàn ènìyàn ń wá: kó fúnra rẹ̀ yan ohun tó ń ṣe, kó rí i pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, kó sì wà láàárín àwọn tó gbà á mọ́ra. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sí, ẹnikẹ́ni kò ní í pàṣẹ fún ọmọ. Ọmọ tó jẹ́ pé ẹgba tàbí ẹ̀bùn ló ń mú un sáré, ọjọ́ tí ẹgba tàbí ẹ̀bùn bá tán ni yóò jókòó.

Ẹni tó bá mọ eré ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá yóò rí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo tẹ́ńtẹ́ń. Ọmọbìnrin méjì á dojú kọ ara wọn, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ sórin, wọ́n á máa fò. Bí orin bá dé ibi tó yẹ, oníkálukú á ju ẹsẹ̀ kan síwájú. Wọ́n ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀: bí ẹsẹ̀ bá bára mu, ọ̀kan jẹ, bí kò bá bára mu, èkejì jẹ. Kí ọmọ tó lè mọ ẹsẹ̀ tí ẹnì kejì rẹ̀ fẹ́ jù, ojú rẹ̀ á máa ṣọ́ ìbàdí onítọ̀hún, etí rẹ̀ á wà lára orin, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà kò sì ní í dúró. Ẹni tó bá pàdánù á bọ́ sẹ́yìn ìlà, ẹlòmíràn á wọlé, kò sì ní í pẹ́ tí yóò tún kan ẹni àkọ́kọ́. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, òógùn ti bò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè wọ́n wá. Nínú irú fífò bẹ́ẹ̀, tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ gbì gbì, ni eegun ìtan àti ìbàdí fi ń le sí i, ìgbà tí ọmọ ń sún mọ́ ìbàlágà sì ni eegun máa ń jàǹfààní rẹ̀ jù.

Suwé náà kò yàtọ̀: wọ́n á fi èédú tàbí ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀, wọ́n á ju àpáàdì kan sí i, wọ́n á sì máa fi ẹsẹ̀ kan fò. Ní ti ẹkùn mẹ́ran, ọmọ tí kò lè sáré rárá ní ipò níbẹ̀, nítorí pé òun náà ló di ọwọ́ mú nínú agbo tí ẹkùn kò gbọdọ̀ já wọ.

Ìdíje àti àwọn òǹwòran

Íńtà-háòsì ni ọjọ́ eré tó tóbi jù ní ilé-ìwé wa. Ẹ wá ka àwọn ọmọ. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn yá ni a yàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Àwọn yòókù á yan níwájú àlejò, wọ́n á sì lọ jókòó sábẹ́ kánópì láti pàtẹ́wọ́. A kò bẹnu àtẹ́ lu ìdíje. Ilẹ̀ tó bí Tóbi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó fi ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 sá eré 100 mítà tí à ń fo igi ìdènà ní Eugene ní 2022, kò lè fojú kékeré wo ìdíje. Àmọ́ ọmọ tó gbẹ̀yìn nínú ìdánwò àkọ́kọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi rẹ́rìn-ín, ti kẹ́kọ̀ọ́ pé eré kì í ṣe tòun, ọdún mẹ́wàá ni a ó sì fi ronú bí a ó ṣe yí i lọ́kàn padà.

Elaine Wyllie, olùkọ́-àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St Ninian's ní ìlú Stirling, Scotland, gba ọ̀nà mìíràn ní 2012. Lójoojúmọ́, gbogbo kíláàsì á jáde síta fún ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Ẹni tó fẹ́ sáré á sáré, ẹni tó bá rẹ̀ á rìn, wọ́n á sì máa bá ọ̀rẹ́ wọn sọ̀rọ̀ lọ. Kò sí ipò kìn-ín-ní. Ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní Daily Mile, ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìwádìí tó fi ilé-ìwé tó ń ṣe é wé èyí tí kò ṣe é ní Stirling, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, fi hàn pé ara àwọn ọmọ tó ń ṣe é le sí i, wọ́n sì ń lo ara ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò ná ilé-ìwé ní kọ́bọ̀ lórí irinṣẹ́.

Eré tó di ìyà

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù nìyí. Ọmọ pẹ́ dé ilé-ìwé: di etí mú, máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ pariwo: píìkì-píìnì, ẹsẹ̀ kan lókè, ìka kan nílẹ̀. Ọmọ kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá: sáré yí pápá ká. Olùkọ́ kan náà yóò wá fẹ̀hìntì ní ọjọ́ eré, yóò máa bèèrè ìdí tí àwọn ọmọ kò fi fẹ́ sáré. Fífò àti sísáré tí ara ọmọ fi ń yọ̀ ni a ti sọ di ẹgba. SHAPE America, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ gbangba pé kò yẹ kí a fi eré ìdárayá jẹ ọmọ níyà. Fífi eré dù ú, nípa dídá a dúró sí kíláàsì nígbà tí àwọn yòókù lọ síta, kò dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìyàtọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin. Tí a bá bi ọmọbìnrin ọdún 12 tó ń pọn omi láàárọ̀, tó tún kiri ọjà lọ́sàn-án, bó ṣe ń lo ara sí, ìṣẹ́jú rẹ̀ lè ju 60 lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì ṣeré. Iye ìṣẹ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń ga lójú ìwé, adùn eré kò sì kàn án. Lẹ́yìn èyí ni ìbàlágà dé, tí ìyá àti ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, “Ṣé o ò rí i pé o ti dàgbà ni, kí lò ń fò kiri fún?” Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń gbá mọ́ńkì-pósì ní ojú títì, òun ń rẹ́ ilá. Àtúnṣe tó kéré jù ni kí a pín iṣẹ́ ilé láàárín tọkùnrin tobìnrin, kí ilé-ìwé sì gba ṣòkòtò péńpé láàyè lábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì.

Àyè àti àsìkò

Nínú ètò-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní Nàìjíríà ní 2014, wọ́n kó ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera mọ́ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti kọ̀ǹpútà lábẹ́ orúkọ kan. Irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí olùkọ́ kọ òfin bọ́ọ̀lù sójú pátákó, kí ọmọ dà á kọ, kó sì mọ iye ẹni tó ń gbá a láìfẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni wà nínú ilé gbígbé tí kò ní ju àgbàlá kékeré lọ, ojú títì sì ti di ti ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ní Addis Ababa, ní ìparí 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn títì kan pa fún ọkọ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù kí ará ìlú lè rìn, kí ọmọ lè ṣeré níbẹ̀. Àdúgbò tó lè ti títì pa fún ìnáwó lè ti í pa fún ọmọdé.

Lẹ́sìnnì ló wá kó ìyókù ọjọ́ lọ. Ọmọ tó wọ kíláàsì láago méjọ lè má jáde títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ojú gan-an ń jìyà àìjáde síta yìí: ní Guangzhou lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú ìta gbangba kún ọjọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní àwọn ilé-ìwé kan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí kò ríran jìnnà mọ́ jẹ́ 30.4 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí àwọn tí wọn kò fi nǹkan kún tiwọn jẹ́ 39.5. Òbí tó ń sanwó lẹ́sìnnì ló lágbára láti bèèrè ìyípadà. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ni kí wọ́n ti gbé e dìde: kí wọ́n yọ ìdajì wákàtí nínú lẹ́sìnnì, kí wọ́n ṣí àgbàlá sílẹ̀, kí olùkọ́ wà nítòsí láti ṣọ́ àwọn ọmọ, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan eré tí wọ́n fẹ́ ṣe.