Géèmù ló ń yan processor: ìtàn Quake àti Cyrix

1/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ DM mi pé "processor wo ni kí n rà, graphics card wo ló dáa jù?", ẹ fara balẹ̀ ná. Kí owó yín tó jáde lápò, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. 🧵

2/ Ọdún 1996, ní Amẹ́ríkà. Intel ló ń ta Pentium. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan, Cyrix, ń ta 6x86. Wọ́n pe ọ̀kan nínú ẹ̀ ní P166+, bẹ́ẹ̀ 133 MHz ló ń sá. Ohun tí orúkọ yẹn ń sọ ni pé "mo tó Pentium 166 í bá díje". Irọ́ kọ́ o! Tó bá jẹ́ ká tẹ lẹ́tà, ká ṣírò owó ọjà, ó ń ṣe é dáadáa.

3/ Ní oṣù kẹfà, id Software gbé Quake jáde. Ògiri, ilẹ̀, títí kan àwọn ọ̀tá, 3D ni. Kí ògiri tó jìnnà tó lè kéré lójú bó ṣe yẹ, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa ṣe ìṣirò désímà láìsinmi.

4/ Michael Abrash àti John Carmack mọ inú Pentium dunjú. Wọ́n ní kí apá kan máa ṣe ìṣirò pínpín, kí apá kejì máa ya àmì 16 sójú kọ̀ǹpútà. Kó tó ya 16 tán, ìdáhùn ti dé. Bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ kaná, tó ń gún iyán lọ.

5/ Ti Cyrix ńkọ́? Apá tó ń ṣe ìṣirò désímà nínú ẹ̀ lọ́ra. Quake wá ń wọ́ nílẹ̀. Ẹni tó rò pé òun ti rí Pentium 166 rà lówó pọ́ọ́kú, ojú ẹ̀ já a. Ní 1997, National Semiconductor ra Cyrix. Quake nìkan kọ́ ló fà á, àmọ́ orúkọ wọn ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbá géèmù.

6/ Ní 1996 yẹn náà ni Voodoo ti 3dfx dé. Iṣẹ́ 3D nìkan ló mọ̀, èèyàn ṣì gbọ́dọ̀ ní card míì fún ìyókù. Ní 1997, GLQuake jáde, yíya àwòrán bá kúrò lọ́rùn processor. Ní 1999, GeForce 256 ti NVIDIA tún gba ìṣirò ìmọ́lẹ̀ mọ́ ọn. Ní December 2000, NVIDIA ló ń ra dúkìá 3dfx. Ẹ wò ó bí ayé ṣe ń yí!

7/ Ohun tí mo rí kọ́ rèé: géèmù ló ń pín iṣẹ́. Football Manager, processor ló ń dà láàmú. Cyberpunk 2077, graphics card ló máa kọ́kọ́ ké. Ẹ dán an wò lórí èyí tẹ́ ẹ ní: ẹ dín resolution kù. Tí géèmù bá yára gan-an sí i, graphics card ló ń fà yín sẹ́yìn. Tí ò bá yí padà, processor ni.

8/ Torí náà, tẹ́ ẹ bá tún wọ DM mi, orúkọ géèmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá. Ẹ má fowó ra nọ́ńbà ara páálí.