Ìsopọ̀ tó ń já lójijì nínú Git

Git ni irinṣẹ́ tí Linus Torvalds kọ ní 2005 láti máa tọ́jú kóòdù àti gbogbo àtúnṣe tó bá dé bá a. Àwọn tó ń lò ó mọ ìkìlọ̀ kan bí ẹni mowó: "Connection reset by peer". Iṣẹ́ ń lọ geere, ó dé àárín, ó já. Lórí Windows, errno 10054 ló máa ń bá a rìn. Lórí Linux, 104 ni.

Láti inú TCP ló ti wá, ìlànà tí RFC 793 là kalẹ̀ ní 1981. TCP ní àmì kan, RST: kọ̀ǹpútà tó bá ti gbà á gbọ́dọ̀ pa ìsopọ̀ tì lójú ẹsẹ̀. Ta ló wá fi í ránṣẹ́? Ìkìlọ̀ náà ń nàka sí server, àmọ́ server lè má mọwọ́mẹsẹ̀ rárá, nítorí firewall tàbí proxy tó wà lójú ọ̀nà lè fi RST ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀. Ní 2007, àṣírí tú ní Amẹ́ríkà pé ilé iṣẹ́ Comcast ń fi ayédèrú RST já àwọn tó ń lo BitTorrent. FCC, àjọ tó ń bójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àsìkò tí ìsopọ̀ já ló ń tú àṣírí jù. Bó bá já kí ohunkóhun tó lọ, ó ṣeé ṣe kí ọ́fíìsì ti ti pọ́ọ̀tù 22 tí SSH ń gbà. GitHub ṣí ọ̀nà míì sílẹ̀ ní ssh.github.com, lórí pọ́ọ̀tù 443. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí ìsopọ̀ ti dákẹ́ fúngbà díẹ̀ ló já, ó ṣeé ṣe kí router ti rò pé kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. "ServerAliveInterval 60" nínú fáìlì ~/.ssh/config á máa ta á jí ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ̀ràn tó gbòde ni pé kí èèyàn fẹ http.postBuffer lójú, ìyẹn ààyè tí Git ń kó dátà sí kó tó fi í ránṣẹ́. Ìmọ̀ràn náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀: ìwé ìtọ́sọ́nà Git fúnra rẹ̀ sọ pé kì í tán ọ̀pọ̀ ìṣòro push, mẹ́mórì ló kàn ń jẹ. GIT_CURL_VERBOSE=1 níwájú git push, tàbí ssh -v, wúlò jù ú lọ, torí wọ́n ń fi ìlà tó gbẹ̀yìn kí ìsopọ̀ tó já hàn. Kéèyàn sì gba orí íntánẹ́ẹ̀tì fóònù dán an wò: bó bá kọjá níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì lẹ̀bi wà.

Git clone tó bá já kì í bẹ̀rẹ̀ látibi tó dé. Gbogbo dátà tó ti jẹ ti ṣòfò nìyẹn. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò dúró sójú kan, kéèyàn kọ́kọ́ lo git clone --depth 1, kó wá fi git fetch --deepen máa fa ìyókù díẹ̀díẹ̀.