Ìbàdàn, Nsukka àti Ifẹ̀: Ìtàn Àríyànjiyàn lórí Ẹni tí Ó Yẹ ní Yunifásítì

Kò sí ọdún tí èsì ìdánwò àtiwọ Yunifásítì jáde tí a kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ kan náà ní ìlú wa yìí. Bàbá kan yóò wí pé, bí kì í bá ṣe Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ ni ó mú ọmọ òun, kí ọmọ náà jókòó di ọdún tí ń bọ̀. A mọ àwọn ọmọ tí wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ti gba oyè níbòmíràn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ sì dé iwájú ìpàdé Ẹgbẹ́ wa, àwọn kan dá a lábàá pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àtijọ́ nìkan ni kí a máa fún. Àwa kò bá wọn jà ní ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé ẹni tí ó bá mọ bí ìjà yìí ti bẹ̀rẹ̀ kò ní í yára dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Yábàá ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1934 ni ìjọba àwọn Òyìnbó ṣí i ní gbangba. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò kéré, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún àwọn tí ó bá jáde kì í ṣe oyè Yunifásítì, kò sì níyì lẹ́yìn odi Nàìjíríà. Inú bí àwọn ọ̀dọ́ olóye Èkó nígbà náà. Ọ̀ràn Yábàá yìí wà lára ohun tí ó mú wọn dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní ọdún 1934 kan náà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ àbọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi tan aláwọ̀ dúdú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti wọ àwọn ènìyàn wa lọ́kàn pé oyè tí ó bá dọ́gba pẹ̀lú ti Ìlú Ọba nìkan ni ojúlówó. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú wọn: àbùkù ni wọ́n ń sá fún.

Ní ọdún 1943, ìjọba Ìlú Ọba yan ìgbìmọ̀ Elliot láti wádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìròyìn wọn sì jáde ní ọdún 1945. Èyí ni ó bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1948. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí a kó láti Yábàá ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí ó ti jẹ́ ilé ìwòsàn àwọn ọmọ-ogun rí. Kenneth Mellanby ni ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́. Oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà. Àwọn olùkọ́ Ìbàdàn àti àwọn ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n jọ ń fohùn ṣọ̀kan lórí ìbéèrè ìdánwò. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè pe oyè ẹni tí ó jáde ní Ìbàdàn ní ayédèrú.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó níyì kì í ṣàì ní owó orí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó jáde ìwé mẹ́wàá lè ṣe ìdánwò Ìbàdàn kí ó sì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni Chinua Achebe, tí gbogbo ayé wá mọ̀ nídìí ìwé kíkọ, ṣe wọlé láti Umuahia ní ọdún 1948. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹnu ọ̀nà náà ń há sí i. Ẹni tí ó fẹ́ wọlé tààrà láti lo ọdún mẹ́ta péré gbọ́dọ̀ ti yege nínú H.S.C. tàbí G.C.E. onípele A. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ girama tí ó ní kíláàsì bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ rárá. Nígbà tí òmìnira dé ní ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn kò ju díẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan lọ, nínú orílẹ̀-èdè tí ó ní ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn. Wọ́n ń kọ́ èdè Látìn àti ti Gíríkì níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní òfin.

Èyí ni Dókítà Nnamdi Azikiwe rí tí ó fi ní ọ̀nà mìíràn yóò là. Amẹ́ríkà ni òun ti kàwé, ó sì mọ irú Yunifásítì tí àwọn ìpínlẹ̀ ibẹ̀ dá sílẹ̀ fún ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba Ìlà-Oòrùn ṣe òfin Yunifásítì Nàìjíríà ní ọdún 1955, a sì ṣí i ní Nsukka ní oṣù October, ọdún 1960. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ni ó ràn án lọ́wọ́. Nsukka kò wo ojú Lọ́ńdọ̀nù: oyè tirẹ̀ ni ó ń fúnni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń gba àwọn tí ó yege dáadáa nínú ìwé mẹ́wàá, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì ń lò. Ó ń kọ́ni ní òfin, ní ìṣòwò àti ní iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ ìṣirò kò sì ní í ṣàì kọ́ díẹ̀ nínú ìtàn àti ìlò èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Kíá ni ariwo ta. Àwọn tí ó dúró ti Ìbàdàn ní, bí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, oyè yóò di yẹpẹrẹ, àbùkù Yábàá yóò sì padà wá. Àwọn tí ó dúró ti Nsukka ní, kì í ṣe òṣùwọ̀n ni Ìbàdàn ń ṣọ́ bí kò ṣe ẹnu ọ̀nà; pé ohun tí ọmọ mọ̀ nígbà tí ó ń jáde ni ó yẹ kí a wọ̀n, kì í ṣe èyí tí ó mọ̀ nígbà tí ó ń wọlé. Ní tiwa, a rí òtítọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí àbùkù ti kàn rí ní ìdí láti bẹ̀rù. Ẹni tí a ti ilẹ̀kùn mọ́ náà sì ní ìdí láti kígbe.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe padà sí ilé wa. Ní ọdún 1959, ìjọba àpapọ̀ yan ìgbìmọ̀ Ashby láti gbèrò iye àwọn ọ̀mọ̀wé tí Nàìjíríà yóò nílò. Ìròyìn wọn jáde ní ọdún 1960. Wọ́n fọwọ́ sí Nsukka, wọ́n sì dábàá Yunifásítì fún Àríwá àti fún Èkó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní Ìbàdàn tó fún Ìwọ̀-Oòrùn. Dókítà Sanya Onabamiro, tí ó jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ náà, kò fara mọ́ ọn. Ó kọ èrò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn wí pé ti gbogbo Nàìjíríà ni Ìbàdàn, kì í ṣe tiwa. Ìjọba tí ó ti fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lélẹ̀ ní ọdún 1955 kò lè sọ fún àwọn ọmọ náà pé kò sí ààyè níwájú. Ní ọdún 1961 ni a ṣe òfin Yunifásítì Ifẹ̀.

Ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ kò dára. Rògbòdìyàn òṣèlú ti sọ Ìwọ̀-Oòrùn di abẹ́ òfin pàjáwìrì ní ọdún 1962, Dókítà Majekodunmi ni ó sì ń ṣàkóso nígbà tí Yunifásítì náà ṣí ní oṣù October. Akẹ́kọ̀ọ́ 244 ni wọ́n, Ìbàdàn gan-an ni wọ́n sì wà, ní ọgbà tí a jogún lọ́wọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládélé Àjọsẹ ni gíwá àkọ́kọ́. Nísinsìnyí àwọn ènìyàn wa, tí wọ́n ti bá wọn fi Nsukka ṣe yẹ̀yẹ́, wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà nípa Ifẹ̀: pé Yunifásítì ìjọba ẹlẹ́kùn ni, pé ti òṣèlú ni. Ní oṣù January, ọdún 1967, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Hezekiah Olúwásanmí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbà á ní ọdún 1975. Ní ọdún 1987 a sọ ọ́ ní orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Lónìí, ẹni tí kò rí Ifẹ̀ wọ̀ ni ń sunkún.

Báwo ni ìjà òṣùwọ̀n ṣe wá parí? Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kúrò lábẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ó ń fúnni ní oyè tirẹ̀. Ní ọdún 1978 a dá ìgbìmọ̀ JAMB sílẹ̀, ìdánwò ìwọlé sì di ọ̀kan fún gbogbo Yunifásítì. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 fìdí múlẹ̀, H.S.C. kásẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ tí ó jáde girama ń wọlé tààrà, ó sì ń lo ọdún mẹ́rin, àti ní Ìbàdàn, àti ní Ifẹ̀, àti níbi gbogbo. Ọ̀nà Nsukka tí a fi ṣe ẹlẹ́yà ni ó di títì ọba. Ti Ìbàdàn kò sì parun: ẹni tí ó ní onípele A ṣì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ wọ ọdún kejì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ọgbọ́n ha kọ́ wa bí? Nígbà tí ìjọba Ògùn àti ti Oǹdó dá Yunifásítì tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1982, tí ti Èkó tẹ̀lé e ní ọdún 1983, ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kan náà ni a tún gbé jáde láti inú àpótí. Lónìí adájọ́, dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti jáde láti ibẹ̀.

A kò sọ pé gbogbo Yunifásítì dọ́gba. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́ ní ìwé àti olùkọ́ tí èyí tí a dá sílẹ̀ lánàá kò tíì ní. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí òbí béèrè ni pé: Ǹjẹ́ ìgbìmọ̀ àwọn Yunifásítì ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ọmọ mi fẹ́ kọ́ níbẹ̀? Ǹjẹ́ olùkọ́ wà? Ǹjẹ́ ilé ìkówèésí ń ṣiṣẹ́? Orúkọ nìkan kò tó. Olóyè Awólọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ kò wọ Yunifásítì kankan kí ó tó gba oyè B.Com. ti Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ilé ni ó jókòó sí tí ó kà á.

Nítorí náà, àbá wa fún Ẹgbẹ́ ni pé kí a fi owó ìrànwọ́ wa fún ọmọ tí ó bá yege, tí ó sì ṣe aláìní, níbikíbi tí ó bá wà, kí a sì máa béèrè èsì ìdánwò rẹ̀ ní ọdọọdún. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dá ọmọ yín dúró nítorí orúkọ. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ rántí pé àwọn tí ó ṣáájú yín kò rí ilẹ̀kùn kan tí ó ṣí sílẹ̀ tó báyìí. Kí Olódùmarè gbé ìlú wa ga.