Ká Jó Dífù Pọ̀ ni, àbí Ká Ra Limited-Slip? Ìtàn kan láti Paris dé Òkè Ọ̀kà

 

Ọgbà mẹkáníìkì ni ọ̀rọ̀ tòní ti wá. Bí ọkọ̀ bá há sínú ẹrẹ̀, tí táyà kan ń yí lásán, tí ìkejì dúró bí ère, ìmọ̀ràn méjì ni olówó ọkọ̀ sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ajórin, kí wọ́n jó dífù rẹ̀ pọ̀. Àwọn mìíràn á ní kó fara balẹ̀ kówó jọ, kó ra èyí tí wọ́n ń pè ní limited-slip. Ó ti ń sún mọ́ ọdún 200 tí dífù ti dáyé, àríyànjiyàn yìí sì kan àwa tí a mọ ọ̀nà Ìkàrẹ́ àti òkè Ọ̀kà ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Kí ni dífù gan-an? Differential ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Dífù ni a ó máa pè é níbí. Òun ni irin ribiti tí ẹ máa ń rí láàrin táyà ẹ̀yìn méjèèjì bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ lọ́rì. Ó ń gba agbára ẹ́ńjìnnì, ó sì ń pín in fún táyà ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká ní àlàfo àárín táyà méjèèjì jẹ́ mítà 1.5. Bí ọkọ̀ náà bá yí kọ́nà, tó kúrò ní ojú àríwá tó kọjú sí ìlà oòrùn, táyà òde á rin nǹkan bíi mítà 2.4 ju ti inú lọ. Ì báà jẹ́ kọ́nà gbọọrọ, ì báà jẹ́ kọ́nà tó ká kò, iye kan náà ni. Bí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀ tipátipá, ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa họ ilẹ̀. Dífù ló ń jẹ́ kí ọ̀kan sáré, kí ìkejì rọra, láìsí ìjà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1820 ni ọmọ Faransé kan tó mọ iṣẹ́ aago, Onésiphore Pecqueur, gba ìwé àṣẹ lórí irú gíà yìí ní Paris, fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi gbígbóná rìn. Ní ọdún 1877, James Starley, ará Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi í sí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ń wa kẹ̀kẹ́ kan lọ́jọ́ kan, agbára ẹsẹ̀ ọmọ ju ti bàbá lọ, kẹ̀kẹ́ bá yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí Karl Benz gba ìwé àṣẹ mọ́tò rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1886, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni òun náà, dífù sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ Kẹ̀kẹ́ Márúwá lónìí, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa tó jẹ́ gómìnà ológun Èkó láti 1996 sí 1999 pè, ẹ rántí pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti kẹ̀kẹ́ Starley. Dífù ń bẹ lábẹ́ òun náà.

Ṣùgbọ́n dífù ní àléébù kan. Bákan náà ló ń pín agbára fún táyà méjèèjì, ìwọ̀nba tí èyí tó wà lórí ilẹ̀ yíyọ̀ bá sì lè gbà ni ìkejì náà máa rí gbà. Ẹrẹ̀ kò gba nǹkan kan, nítorí náà táyà tó wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ náà kò ní rí nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan.

Ibí yìí ni Àkókó ti wọ ìtàn náà. Rélùwéè tó gbéra láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì forí lé òkè ọya. Kò yà sí Àkókó. Ohun tí àwọn tó ní ilé iṣẹ́ rélùwéè nítòsí ń fi ọkọ̀ ojú irin kó, lọ́rì ni àwọn èèyàn wa fi ń kó o: kòkó, iṣu, ẹrù ọjà, àti èèyàn pàápàá, nínú bọ́lẹ̀kájà tí káfíńtà fi pákó kàn bodì rẹ̀. Òkè olókùúta ló sì yí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ká. Lọ́rì gbọ́dọ̀ gòkè, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbọ́dọ̀ yí kọ́nà. Bí òjò bá rọ̀ sórí ọ̀nà tí kò lọ́dà, ilẹ̀ pupa á di ọṣẹ. Iṣẹ́ ọmọ ọkọ̀ nígbà náà ni láti di igi mú, kó sáré fi há ẹ̀yìn táyà bí lọ́rì bá fẹ́ fà sẹ́yìn lórí òkè.

Ẹ fi ara yín sípò onílọ́rì tí ẹrù rẹ̀ ń bàjẹ́ nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ lè bá a wí bó bá gbọ́ pé iná ajórin lè yanjú ọ̀ràn náà? Iṣẹ́ yìí kò ṣòro. Wọ́n á tú dífù sílẹ̀, wọ́n á jó àwọn gíà kéékèèké inú rẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á dá a padà. Láti ọjọ́ náà lọ, táyà méjèèjì á máa yí pọ̀ bí ẹni tí a so lẹ́sẹ̀ pọ̀. Nínú ẹrẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, nítorí ilẹ̀ rírọ̀ máa ń jẹ́ kí táyà yọ̀ díẹ̀ nígbà tó bá ń yí kọ́nà.

Ìṣòro àwọn olówó yàtọ̀ sí èyí. Ní àwọn ọdún 1930, agbára ọkọ̀ eré ìje Auto Union tí Ferdinand Porsche yàwòrán rẹ̀ ní Jámánì pọ̀ débi pé táyà rẹ̀ ń yí lásán lórí títì ọlọ́dà, àní nígbà tó ti ń sáré gidi. Ní 1935, Porsche gbé iṣẹ́ náà fún ilé iṣẹ́ ZF, wọ́n sì ṣe dífù tí kò jẹ́ kí táyà kan sá lọ jìnnà ju ìkejì lọ. Limited-slip nìyẹn. Ní 1956, Studebaker-Packard gbé tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tí ará ìlú ń rà. Ní 1958, Vernon Gleasman gba ìwé àṣẹ lórí Torsen, tó jẹ́ pé gíà nìkan ló fi ń ṣe iṣẹ́ náà.

Èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn ní àwọn awo irin pẹlẹbẹ tó ń fún ara wọn, bíi ti kọ́lọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà. Bí táyà kan bá fẹ́ sáré jù, àwọn awo náà á dì í mú, agbára á kọjá sí ìkejì. Bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó lówó lórí, ọ́ìlì tirẹ̀ yàtọ̀, àwọn awo náà sì máa ń jẹ tán. Bí ẹ bá ra tòkúnbọ̀ rẹ̀ ní ọjà Ládípò, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ó ṣì ń dì nǹkan mú.

Ẹ̀yin tí ẹ wo Tokyo Drift ní 2006 á sọ pé, ṣebí àwọn ará Japan ń jó tiwọn pọ̀? Òótọ́ ni. Lórí àwọn òkè Japan ni Keiichi Tsuchiya àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ yọ̀ lórí kọ́nà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò lówó limited-slip sì gba ọ̀dọ̀ ajórin lọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ti ń fi BMW àtijọ́ dán an wò. Ẹ ṣàkíyèsí pé ńṣe ni awakọ̀ drift ń fẹ́ kí ìdí ọkọ̀ yọ̀. Ẹni tó gbé ìyá rẹ̀ lọ ọjà Ìkàrẹ́ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Títì ọlọ́dà kò ní ìforíjì ẹrẹ̀. Bí dífù jíjó bá yí kọ́nà lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà á máa họ, ọkọ̀ á fẹ́ máa lọ tààrà nígbà tí sítíárìn ní kó yà, gbogbo ìjàkadì náà á sì wọ inú ṣáàfù títí ọ̀kan á fi kán. Lórí ọ̀dà tí òjò pa, bí ẹ bá tẹ iná mọ́tò jù, táyà ẹ̀yìn méjèèjì á jọ yọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí ọkọ̀ á sì gbá síta. Ẹ wá fi ìyẹn sórí kọ́nà òkè Ọ̀kà, kí ẹrù wà lẹ́yìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ iwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásìn ní Àkùngbá, ó sì pa èèyàn. Èmi ò sọ pé dífù ló fà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọkọ̀ tí kò gbọ́ràn sí awakọ̀ lẹ́nu kò ní àyè lórí òkè wa, nítorí èèyàn ló ń gbé ní ìsàlẹ̀.

Ó tún burú sí i fún Corolla, Camry àti Honda tó kún ìgboro báyìí. Táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì wọn ń yí, kì í ṣe ti ẹ̀yìn bíi Peugeot 504. Bí ẹ bá jó dífù irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, táyà tó yẹ kó máa yà gan-an lẹ so pọ̀. Ohun tí iná bá sì ti jó, kò ṣeé tú mọ́; dífù mìíràn lẹ máa rà.

Ọ̀nà kẹta wà. Àwọn Hilux kan ní bọ́tìnnì tó ń ti dífù pa nínú ẹrẹ̀, tó sì ń ṣí i padà bí ẹ bá dé orí ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbàlódé sì ń fi bíréèkì fún táyà tó bá ń yí lásán, kí agbára lè kọjá sí ìkejì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iṣẹ́ yẹn wà lọ́wọ́ ABS tí iná rẹ̀ ti ń tàn níwájú yín láti ọdún tó kọjá. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó wá ajórin lọ.

Nítorí náà, ìdáhùn wa rèé. Ọkọ̀ oko tí kì í kan ọ̀dà, ẹ lè jó o. Ọkọ̀ tó máa gun òkè Ọ̀kà, ẹ má dán an wò. Bí owó limited-slip kò bá sí, ẹ fi dífù rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rọ ọ́, kí ẹ ra táyà tó dáa. Ọ̀nà tí kò dára ló ń sún èèyàn débi pé yóò ba ẹ̀rọ tó dára jẹ́, àwa tí a ń rìnrìn àjò la sì ń san owó rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan kí n tó dákẹ́. Bí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín bá wa lọ́rì ní Àkókó rí, ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ níwájú wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tẹ rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń gun òkè Ọ̀kà nígbà òjò. Ìwé lórí Auto Union pọ̀ lọ jàra. Tiwọn, orí wọn nìkan ló wà. Ó dìgbà o.