Stanislav Vinaver: Akéwì, Akọ̀ròyìn àti Olórin Ilẹ̀ Sérbíà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pófo. Òwe yìí yẹ ọmọ tí kò fẹ́ gbájú mọ́ iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà nínú ìtàn ayé tí ó ṣòro láti fi í bá wí. Ọ̀kan nínú wọn ni Stanislav Vinaver, ọmọ ilẹ̀ Sérbíà, ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, tí ó tẹ dùùrù, tí ó jagun, tí ó ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, tí ó kéwì, tí ó sì túmọ̀ ìwé àwọn ará ilẹ̀ mìíràn sí èdè ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ìtàn rẹ̀ lóréfèé lè rò pé kò mọ ibi tí ó ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé eku kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìró tí ó wà nínú èdè.

Ìlú Šabac, ní ìwọ̀ oòrùn Sérbíà, ni a ti bí i ní ọdún 1891. Júù tí ìran wọn ti ilẹ̀ Póláǹdì wá ni àwọn òbí rẹ̀. Oníṣègùn ni baba rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ruža, sì jẹ́ ẹni tí ó mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa. Nígbà tí ó dàgbà, ó lọ sí Párís láti kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní Sorbonne. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́ Henri Bergson, ọlọ́gbọ́n tí ó kọ́ni pé àkókò kì í ṣe ohun tí a ń gé wẹ́wẹ́ bí aago ti ń gé e, bí kò ṣe ohun tí ń ṣàn bí orin. Níbẹ̀ náà ni ó ti kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ Wanda Landowska, gbajúgbajà olórin nì. Ní ọdún 1911, kí ó tó pé ogún ọdún dáadáa ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, ó tẹ ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, Mjeća, jáde.

Ogun kò jẹ́ kí ó jókòó ti dùùrù. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ogun Bálíkánì ti 1912 sí 1913. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun tí a kó jọ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí àwọn ará Sérbíà ń pè ní 1300 kọ́pùrà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ni ó kú. Ní ìgbà òtútù 1915, nígbà tí àwọn ọ̀tá gba ilẹ̀ wọn, ọmọ-ogun àti ará ìlú fi ẹsẹ̀ gba orí òkè Albáníà kọjá nínú yìnyín. Ebi àti òtútù sì pa wọ́n lọ bẹẹrẹbẹ. Vinaver la ìrìn àjò náà já. Ní erékùṣù Corfu, níbi tí ìjọba Sérbíà sá lọ, ó ṣiṣẹ́ nínú Srpske novine, ìwé ìròyìn ìjọba. Lẹ́yìn èyí ni a rán an lọ sí Rọ́ṣíà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí ìyípadà ńlá ti 1917. Ohun tí ó rí ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀, Ruske povorke, tí ó jáde ní 1924.

Nígbà tí ó padà sí Belgrade, ó ko ohun tí a lè pè ní agbára àwọn àgbà ewì lójú. Ní 1911, Bogdan Popović, ọ̀jọ̀gbọ́n tí ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ láàrin àwọn olámèyítọ́, ti ṣa ewì Sérbíà jọ sínú ìwé kan tí gbogbo ènìyàn fi ń díwọ̀n ewì tí ó dára. Ní 1920, Vinaver gbé ìwé tirẹ̀ jáde, Pantologija novije srpske pelengirike, nínú èyí tí ó ti ń sín àwọn akéwì wọ̀nyí jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ewì-orin padà, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ó jọ orúkọ ṣòkòtò àwọn ará oko. Ó tún gbé irú rẹ̀ jáde ní 1922 àti 1938. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín nìkan kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí yóò sín ènìyàn jẹ ní láti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ dé ìdí. Etí olórin ni Vinaver fi gbọ́ àwọn akéwì náà, ohun tí ó sì gbọ́ ni pé ìlù kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń jó sí.

Kí ni ìlù náà? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé Vuk Karadžić, tí ó kú ní 1864, ni ó kó àwọn orin ìṣẹ̀ǹbáyé Sérbíà jọ, tí ó sì fi èdè àwọn ará oko ṣe ìpìlẹ̀ èdè kíkọ. Àwọn orin akọni wọ̀nyí, tí a ń fi gòjé olókùn kan gbè, ní sílébù mẹ́wàá ní ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdánudúró lẹ́yìn ìkẹrin. Vinaver kò kẹ́gàn ogún yìí. Ohun tí ó ń sọ ni pé èdè tí ó wà láàyè kò lè máa fi ẹsẹ̀ kan náà rìn títí ayé. Pé àwọn ará ìlú ńlá ti ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn orin mìíràn, tí ó gùn tí ó sì lọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá kò ní ṣàì fetí sí i, nítorí èdè Sérbíà náà ní ohùn tí ń gòkè àti ohùn tí ń sọ̀ kalẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe lọ́nà tiwa.

Nǹkan ìbànújẹ́ kan ni pé ìwé ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì fi mọ̀ ọ́n. Láàrin 1936 àti 1938, Rebecca West, òǹkọ̀wé obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rìn káàkiri Yugoslafia. Vinaver, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìròyìn fún ìjọba nígbà náà, ni ó mú un kiri. Nínú ìwé ńlá tí West tẹ̀ jáde ní 1941, ó sọ ọ́ ní Constantine: akéwì Júù kan tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n ẹnu ni a rí níbẹ̀. A kò rí etí.

Ní ọdún 1941 kan náà, Jámánì gba Yugoslafia. Wọ́n mú Vinaver gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ológun, ó sì wà ní àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní Osnabrück títí ogun fi parí. Ẹ̀wù ológun tí ó wọ̀ ni ó dáàbò bò ó. Ìyá rẹ̀, tí kò ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, ni àwọn Násì pa. Obìnrin tí ó mọ dùùrù tẹ̀ yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Júù tí ó jẹ́ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ọmọ náà padà dé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó túmọ̀ ìwé Rabelais láti èdè Faransé, iṣẹ́ tí ó gba kí ènìyàn wá ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwàdà. Ní 1952, ó tẹ Jezik naš nasušni jáde. Àdúrà Olúwa ni ó ti yọ àkọlé náà: bí a ti ń tọrọ oúnjẹ òòjọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni òun ń sọ̀rọ̀ nípa èdè òòjọ́ wa. Ó kú ní Niška Banja ní 1955. Ní 1963 ni ìwé rẹ̀ lórí Laza Kostić, akéwì tí àwọn olámèyítọ́ ti fi ṣẹ̀sín, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Lójú tèmi, ìsínjẹ àti ìtumọ̀ rẹ̀ lágbára ju ewì tirẹ̀ lọ, èyí kò sì yà mí lẹ́nu. Nínú méjèèjì, ohùn ẹlòmíràn ni ó ní láti kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ àjèjì tí a bí sínú èdè kan gbọ́ ọ ju ọ̀pọ̀ àwọn onílé lọ. Bí a bá ka gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, eku rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ó sì pa á.