Èèrà iná àti kòálà: èwo ló lágbára jù?

Ẹ̀dá méjì wà ní Ọsirélíà tí ìjọba ibẹ̀ ń náwó lé lórí. Wọ́n fẹ́ pa ọ̀kan run, wọn ò sì fẹ́ kí èkejì parun. Èèrà iná ni ti àkọ́kọ́, kòálà ni èkejì. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò.

Ọmọ onílẹ̀ ni kòálà. Orí igi ló ń gbé, àgbà rẹ̀ sì lè wọn kílò 4 sí 15. Ẹranko alápò ni: àpò wà ní ikùn abo rẹ̀. Ọmọ tuntun kò ju nǹkan bíi sàǹtímítà 2 lọ, inú àpò yẹn ni yóò ti máa mu ọmú fún bí oṣù 6. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan. Ewé eucalyptus ni oúnjẹ rẹ̀, igi tí àwa náà ń gbìn ní Benin. Ewé náà ní májèlé, agbára tó ń fún ara kò sì pọ̀, ìdí nìyẹn tí kòálà fi lè sùn tó wákàtí 20 lójúmọ́.

Àlejò ni èèrà iná. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n rí i ní ìlú Brisbane. Kò gùn ju mílímítà 6 lọ. Bó bá ta èèyàn, á dà bíi pé iná jó o, ojú ibẹ̀ á sì ṣọyún. Ìyá èèrà kan lè yé ẹyin tó ju 1000 lọ lójúmọ́. Kòkòrò, irúgbìn, ẹyin ẹyẹ, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ. Bí omi bá ya wọlé, wọn á so kọ́ra bí ẹní, wọn á léfòó lọ síbòmíì.

Ẹ ò rí i pé títóbi kọ́ ni agbára? Èèrà ń jẹ ohun tó bá rí, kòálà gbára lé igi kan. Nígbà tí wọ́n ń gé igi, tí iná ń jó igbó, tí àrùn àti ọkọ̀ sì ń pa wọ́n, kòálà dín kù. Ní ọdún 2022, ìjọba kà á mọ́ àwọn ẹranko tó lè parun ní Queensland, New South Wales àti agbègbè olú ìlú. Bó bá sì sọ̀ kalẹ̀ láti lọ sórí igi míì, èèrà iná lè ta á.

Ọ̀kan ni wọ́n fi jọra: ọwọ́ èèyàn wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹrù èèyàn ló gbé èèrà wọ̀lú, àáké èèyàn ló gé igi kòálà. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà ní Brisbane lórí kíkó erùpẹ̀ àti koríko gbígbẹ káàkiri. Àwa náà, bí a bá ra igi kéékèèké láti ọ̀nà jíjìn, ká yẹ erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ wò ká tó gbìn ín.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí èyí dáná sun gbogbo èèrà o. Àwọn èèrà pupa tó ń rán ewé pọ̀ lórí igi máńgòrò wa máa ń lé eṣinṣin tó ń ba èso jẹ́. Onílé nìyẹn, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀.