Asẹ́ Tó Dí ní Barsebäck

Ìtàn asẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Ó jọ èyí tí à ń fi sẹ́ ògì, àmọ́ irin ni wọ́n fi ṣe é, inú ilé iṣẹ́ amúnáwá núkílíà ló sì wà.

Etíkun gúúsù orílẹ̀-èdè Sweden ni Barsebäck wà. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ará Copenhagen lè máa wò ó ní ọ̀ọ́kán, nítorí nǹkan bíi kìlómítà 20 ni òkun tó wà láàárín wọn.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí asẹ́ fi ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá pa ríákítọ̀, ooru inú rẹ̀ kì í tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ṣì ń gbóná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí páìpù bá bẹ́, omi tó dà sílẹ̀ á ṣàn lọ sínú adágún kan nísàlẹ̀, pọ́ǹpù á sì fà á padà sókè láti fi tu ríákítọ̀ lára. Ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi ni asẹ́ wà. Bí asẹ́ bá dí, omi wà, pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ omi ò ní gòkè.

Ní July 28, 1992, wọ́n ń tan ríákítọ̀ kejì ní Barsebäck padà lẹ́yìn àtúnṣe ọdọọdún. Agbára rẹ̀ kò tíì pé ìdá 2 nínú 100. Fáàfù kan kàn ṣí fúnra rẹ̀, oru omi tú jáde, ó sì ya òwú tí wọ́n fi wé àwọn páìpù. Òwú tí wọ́n fi òkúta yíyọ́ ṣe ni. Irú rẹ̀ náà ni àwa tí à ń gbohùn sílẹ̀ máa ń tẹ̀ mọ́ ògiri kí ariwo má baà wọlé. Nǹkan bíi kílò 200 ló já, bí ìdajì rẹ̀ sì bá omi dé adágún.

Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni pé ó máa tó wákàtí 10 kí asẹ́ tó nílò fífọ̀. Kò ju bíi wákàtí kan lọ tó fi dí! Òwú tí ooru ti jẹ fún ọdún pípẹ́ ti gbó, ó fọ́ wẹ́wẹ́, ó sì tẹ́ bí ẹní sórí asẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ da omi gba ẹ̀yìn asẹ́ láti tì í kúrò, ó sì ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, fáàfù yẹn kọ́ ni ọ̀daràn; nọ́ńbà 10 yẹn ni.

Kí September tó parí, Sweden ti ní kí wọ́n pa ríákítọ̀ márùn-ún tó ti pẹ́, títí wọ́n fi ṣe asẹ́ tó tóbi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ dáadáa.

Ti Amẹ́ríkà ló ń bí mi nínú. Ìlànà wọn ti 1974 ní kí wọ́n ṣáà gbà pé ìdajì asẹ́ ló máa dí. Ní 1985 wọ́n gbà pé ìyẹn kò tó, síbẹ̀ wọn kò fi dandan mú àwọn ilé iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀. Ní September 1995, ó kan Limerick ní Pennsylvania: fáàfù ṣí, fọ́nrán àti ẹrẹ̀ irin tó dógùn-ún bo asẹ́. Nígbà tí wọ́n gbá adágún náà, ìdọ̀tí tí wọ́n kó jáde lé ní kílò 600. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àjọ NRC pàṣẹ fún àwọn ríákítọ̀ irú ti Barsebäck. Àwọn irú kejì, tó pọ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà, kò rí lẹ́tà tiwọn gbà títí di 2004.